Bí a ṣe ń gbé ímeèlì àti ìpínfáìlì kalẹ̀ lórí sáfà tiwa fún ẹgbẹ́ ńlá

Ohun méjì ni ẹgbẹ́ ńlá sábà máa ń fẹ́ gbà padà sọ́wọ́ ara rẹ̀: ímeèlì tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ń bá ara wọn àti àwọn ará ìta sọ̀rọ̀, àti ibi tí wọ́n ń kó fáìlì sí tí gbogbo wọn ti lè mú un lò. Àwọn ènìyàn a máa dárúkọ méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣe méjèèjì rí mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan. Ẹrù ni fáìlì: bí ẹ bá ní àyè tó gbà á, tí ẹ sì dì í dáadáa, ó di gbígbé. Orúkọ ni ímeèlì: ẹ lè ní ẹ̀rọ tó dára ju ti gbogbo ayé lọ, bí àwọn sáfà tó wà níta kò bá fọkàn tán orúkọ yín, lẹ́tà yín kò ní dé ibi tí ẹ rán an lọ. Nítorí náà, ìpínfáìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, kí ẹ lò ó fún oṣù mélòó kan, kí ẹ tó fọwọ́ kan ímeèlì. Àṣìṣe tí ẹ bá ṣe lórí fáìlì, inú ilé ni yóò parí sí. Èyí tí ẹ bá ṣe lórí ímeèlì, ará ìta ni yóò kọ́kọ́ rí i.

Ẹgbẹ́ tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí ènìyàn inú rẹ̀ wà láàárín 100 sí 1,000, n ó sì máa fi 500 ṣe àpẹẹrẹ. Mo gbà pé ẹ ti mọ bí a ṣe ń wọlé sórí sáfà Linux, tí ẹ sì lè tẹ àṣẹ sí i láìfòyà. Ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ẹnì kan. Bí ẹnì kejì kò bá sí, ẹ dá iṣẹ́ náà dúró títí ẹ ó fi rí i, nítorí ọjọ́ tí ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n bá wà lórí àìsàn ni dísíìkì máa ń mọ̀ pé òun ti kún.

Ìṣirò kí ẹ tó náwó

Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ènìyàn 500 bá ní àyè GB 10 fún fáìlì àti GB 2 fún lẹ́tà, TB 5 ni ti fáìlì, TB 1 sì ni ti lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní lo ìdámẹ́wàá ohun tí ẹ fún wọn, àmọ́ àwọn díẹ̀ yóò wà tí wọn yóò fi fídíò kún tiwọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà ẹ ra dísíìkì tó tó ìṣirò náà, kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé pé àwọn ènìyàn yóò ṣe wọ̀ntúnwọ̀nsì. Ẹ lo dísíìkì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ń kọ ohun kan náà pọ̀, yálà pẹ̀lú ZFS tàbí RAID, kí iṣẹ́ má bàa dúró nígbà tí ọ̀kan bá kú. Ṣùgbọ́n ẹ má pe èyí ní ẹ̀dà ìpamọ́. Bí ẹnìkan bá fi àṣìṣe pa fódà kan rẹ́, orí dísíìkì méjèèjì ni yóò ti parẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ ya ẹ̀rọ ímeèlì sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ fáìlì. Èyí tó ń gbé fáìlì ń fẹ́ dísíìkì ńlá àti ìlà tó yára, ó sì lè wà ní ọ́fíìsì yín bí ìlà náà bá dára, tí iná kò sì ní já a sílẹ̀ lójijì. Ti ímeèlì kò béèrè dísíìkì púpọ̀, àmọ́ ó béèrè àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tó mọ́, tí kì í yí padà. Ìlà íntánẹ́ẹ̀tì ilé kò dára fún un: àdírẹ́sì rẹ̀ a máa yí padà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ìlà náà ló ti dí port 25 pa (port ni nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀), Spamhaus, àjọ tó ń gbógun ti spam, ìyẹn lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, sì ní àkójọ kan tó ń jẹ́ PBL, tí wọ́n ń to irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ sí gẹ́gẹ́ bí èyí tí kò yẹ kó máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ tààrà sí sáfà ẹlòmíràn. Sáfà tí a yá lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ló bójú mu jù fún ímeèlì.

Kí ẹ tó sanwó sáfà náà, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta, kí ẹ sì gba èsì wọn ní kíkọ. Ṣé port 25 ṣí sílẹ̀ fún lẹ́tà tó ń jáde, àbí ẹ gbọ́dọ̀ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i? Ṣé ẹ lè fúnra yín yan orúkọ tí àdírẹ́sì IP náà yóò máa jẹ́ nígbà tí ẹlòmíràn bá wádìí rẹ̀, èyí tí à ń pè ní PTR? Bí orúkọ àdírẹ́sì náà bá ti bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó lò ó ṣáájú, ṣé wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀ fún yín? Ilé-iṣẹ́ tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè kejì, ẹ máa bá tiyín lọ.

Orúkọ dòméènì kò gba ìṣirò púpọ̀, àmọ́ òun ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé. Kí ó wà lórúkọ ẹgbẹ́, kí ẹni méjì ní ọ̀nà láti wọ àkáǹtì tí ẹ fi rà á, kí àdírẹ́sì ímeèlì tí ẹ fi ṣí àkáǹtì náà má sì jẹ́ èyí tó wà lórí dòméènì kan náà. Bí ẹ bá gbàgbé láti san owó rẹ̀, ẹni tó bá rà á lẹ́yìn yín ni yóò máa gba lẹ́tà yín, títí kan èyí tí àwọn ibi mìíràn fi ń tún pásíwọ́ọ̀dù àwọn ènìyàn yín ṣe.

Àkáǹtì kan fún ẹnì kan

Kí ẹ tó gbé ohunkóhun sórí ẹ̀rọ, ẹ pinnu ibi tí orúkọ àwọn ènìyàn yóò wà. Bí ẹ bá ń kọ orúkọ sínú ibi ìpínfáìlì, tí ẹ tún ń kọ ọ́ sínú ti ímeèlì, kò ní pẹ́ tí àkójọ méjèèjì yóò fi yàtọ̀ síra, ọjọ́ tí ẹnìkan bá sì kúrò nínú ẹgbẹ́, ibi kan ni ẹ ó ti rántí láti pa á. Ẹ fi gbogbo orúkọ sínú LDAP kan ṣoṣo, ìyẹn ìwé orúkọ tí àwọn ètò mìíràn lè máa kà; OpenLDAP tàbí FreeIPA yóò ṣe é. Nextcloud tí ẹ ó lò fún fáìlì ń kà á, Postfix àti Dovecot tí ẹ ó lò fún ímeèlì náà ń kà á, bí ẹ bá sì ti ti ìlẹ̀kùn níbẹ̀, níbi gbogbo ni ó tì.

Ẹ̀tọ́ kò gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ènìyàn, ọwọ́ ipò ni kí ó wà. Ẹ dá ìsọ̀rí sílẹ̀ fún akọ̀wé, fún akápò, fún ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fún ìsọ̀rí náà ní fódà àti àdírẹ́sì ímeèlì. Nígbà tí akápò tuntun bá dé, ẹ yọ orúkọ kan, ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kò sì sí fáìlì kan tó nílò láti kúrò níbi tó wà.

Ìpínfáìlì

Nextcloud ni n ó lò nínú àlàyé yìí. Ọdún 2016 ni Frank Karlitschek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá a sílẹ̀ ní Jámánì, lẹ́yìn tí wọ́n kúrò nídìí ownCloud tí òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010. Ẹnikẹ́ni ló lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní áàpù fún fóònù àti kọ̀ǹpútà, ó sì ti pẹ́ tó pé ọ̀pọ̀ ìṣòro tí ẹ bá bá pàdé, ẹlòmíràn ti bá a pàdé rí.

Ẹ gbé e sórí Debian tàbí Linux mìíràn tó ní àtìlẹ́yìn ọlọ́dún púpọ̀. Àwọn nǹkan díẹ̀ ló ya ìpínfáìlì ènìyàn mẹ́wàá sọ́tọ̀ kúrò lára ti ènìyàn 500. Ẹ má lo SQLite fún àkójọ ìsọfúnni rẹ̀; PostgreSQL tàbí MariaDB ni kí ẹ lò, nítorí pé SQLite kì í gba kí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ nǹkan sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ so Redis, ibi ìkósọfúnni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìrántí ẹ̀rọ, mọ́ ọn, kí ó máa tọ́jú àwọn àgádágodo tí kì í jẹ́ kí ẹni méjì fọ fáìlì kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ fún PHP, èdè tí a fi kọ Nextcloud, ní àyè ìrántí MB 512 ó kéré tán. Ẹ jẹ́ kí cron, aago iṣẹ́ Linux, máa ṣe iṣẹ́ abẹ́nú Nextcloud ní ìṣẹ́jú 5 síra. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà látìbẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ẹnìkan bá ṣí ojúewé nìkan ni iṣẹ́ náà ń rìn, òun ni yóò sì dúró dè é.

Ohun kan tó máa ń pa ènìyàn lẹ́kún ọjọ́ àkọ́kọ́ ni nginx, bí òun bá ni ètò tó ń gba ìbéèrè búráúsà wọlé fún Nextcloud. Bí kò bá sí ẹni tó yí i padà, nginx kì í gba ohun tó ju MB 1 lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà fáìlì kékeré yóò wọlé, ti ńlá yóò kọ̀, ẹ ó sì rí nọ́ńbà 413 lójú búráúsà. Ìlà `client_max_body_size` ni ẹ ó wá lọ, kì í ṣe Nextcloud ni ẹ ó máa tú palẹ̀.

Fún àwọn fáìlì tó jẹ́ ti ẹgbẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n sínú fódà tirẹ̀ kó sì máa pín in fún àwọn yòókù. Ọ̀dọ̀ ẹni náà ni fáìlì yẹn ń gbé, ọjọ́ tí ẹ bá pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́, fáìlì yóò bá a lọ. Áàpù kan wà tí wọ́n ti ń pè ní Group folders tipẹ́, tí orúkọ rẹ̀ ti wá di Team folders. Fódà tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní olówó kan, ìsọ̀rí ló ni ín. Ẹ tún pàṣẹ pé kí gbogbo líǹkì tí a bá fi ránṣẹ́ sí ará ìta ní pásíwọ́ọ̀dù àti ọjọ́ tí yóò kú. Ẹ lè fi ipá mú un nínú ètò, ó sì sàn kí ẹ fi ipá mú un ju pé kí ẹ kọ ìkìlọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní kà.

Fáìlì tí a bá pa rẹ́ kì í kúrò lórí dísíìkì lójú ẹsẹ̀. Inú àpò ìdọ̀tí ni Nextcloud ń tọ́jú rẹ̀ sí fún ọjọ́ 30, lẹ́yìn náà ó lè pa á nígbàkígbà tí àyè bá há. Mo ti rí ẹni tó pa GB ọgọ́rọ̀ọ̀rún rẹ́ láti fi dá àyè sílẹ̀, tó wá ń bínú pé dísíìkì kò fẹ́rẹ̀ mì. Àṣẹ `occ trashbin:cleanup` ló ń tú àpò náà dànù, ṣùgbọ́n ẹ bi olúwarẹ̀ léèrè lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ẹ bá ń gbé ẹ̀yà tuntun wọlé, ẹ má fo ẹ̀yà ńlá kankan: láti 29 ẹ lọ sí 30, láti 30 ẹ lọ sí 31. Ẹni tó bá ti jókòó lórí ẹ̀yà kan fún ọdún méjì yóò gun gbogbo àtẹ̀gùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ímeèlì

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí. Irinṣẹ́ mẹ́ta ni ẹ ó máa gbọ́ orúkọ wọn. Postfix ni akéde tó ń gba lẹ́tà wọlé tó sì ń rán an jáde. Wietse Venema ló kọ ọ́ ní IBM, ó sì jáde ní ọdún 1998. Dovecot tí Timo Sirainen gbé jáde ní ọdún 2002 ni olùtọ́jú àpótí, òun ni fóònù àti kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn ń bá sọ̀rọ̀ láti ka lẹ́tà. Rspamd ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ń wò bóyá lẹ́tà jẹ́ spam, ó sì ń fi òǹtẹ̀ sí èyí tó ń jáde. Ẹ lè so wọ́n pọ̀ fúnra yín, tàbí kí ẹ mú àkópọ̀ irú wọn tí ẹlòmíràn ti so, bíi mailcow, Mail-in-a-Box tàbí iRedMail. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá tíì ṣe é rí kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àkópọ̀, kí ó kọ́kọ́ wò bí èyí tó yàn ṣe ń bá LDAP ṣiṣẹ́, kí ó sì máa ka fáìlì ètò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Port mẹ́ta ló tó láti ṣí síta. Port 25 ni sáfà fi ń bá sáfà sọ̀rọ̀. Port 465 ni àwọn ènìyàn yín yóò fi máa rán lẹ́tà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi pásíwọ́ọ̀dù wọlé. Ìlànà RFC 8314 ti ọdún 2018 ló dámọ̀ràn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé port 587 ṣì wà fún àwọn ẹ̀rọ àtijọ́. Port 993 ni wọn yóò fi máa kà á. Port 25 kò gbọ́dọ̀ gba pásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì gbọ́dọ̀ bá àlejò gbé lẹ́tà lọ sí dòméènì tí kì í ṣe tiyín. Sáfà tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn oníspam yóò rí i kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ohun tí ẹ ó kọ sínú DNS, ìwé tó ń sọ fún àwọn ẹ̀rọ ibi tí orúkọ dòméènì wà, nìyí. Mo fi `example.org` àti àdírẹ́sì `203.0.113.25` ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé wọ́n ti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún irú ìlò bẹ́ẹ̀:

```
example.org.                    MX   10 mail.example.org.
mail.example.org.               A    203.0.113.25
example.org.                    TXT  "v=spf1 mx -all"
s1._domainkey.example.org.      TXT  "v=DKIM1; k=rsa; p=..."
_dmarc.example.org.             TXT  "v=DMARC1; p=none; rua=mailto:dmarc@example.org"
```

Ìlà àkọ́kọ́, MX, ń sọ ibi tí kí wọ́n gbé lẹ́tà yín wá, ìkejì ń sọ ibi tí ilé náà wà. SPF tó wà ní ìlà kẹta ń ka àwọn sáfà tó lẹ́tọ̀ọ́ láti rán lẹ́tà lórúkọ yín, `-all` sì túmọ̀ sí pé kò sí ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ń fi orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn kún un, ẹ ṣọ́ra: ìlànà rẹ̀ kò fàyè gba kí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò wá inú DNS ju ìgbà 10 lọ, bó bá sì ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ ti di àṣìṣe. DKIM ni òǹtẹ̀. Sáfà yín ń fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ lu lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní òǹtẹ̀, kọ́kọ́rọ́ gbangba tó wà nínú DNS sì ni ẹni tó gbà á fi ń mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án lójú ọ̀nà. Kọ́kọ́rọ́ oní-bíìtì 2048 gùn ju lẹ́tà 255 tí okùn ọ̀rọ̀ kan nínú TXT lè gbà lọ, nítorí náà ẹ pín in sí méjì nínú àmì àyọlò bí ibi tí ẹ ti ń kọ DNS kò bá bá yín pín in. DMARC ni adájọ́: ó ń wò ó bóyá dòméènì tí òǹkàwé ń rí lójú lẹ́tà bá èyí tí SPF tàbí DKIM jẹ́rìí sí mu, ó sì ń sọ ohun tí kí wọ́n fi èyí tí kò bá mu ṣe.

Ẹ fi DMARC sórí `p=none` fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ sì máa ka ìròyìn tí àwọn sáfà ńlá bá fi ránṣẹ́. Inú ìròyìn yẹn ni ẹ ó ti mọ̀ pé ìgbìmọ̀ kan ń lo irinṣẹ́ ìpèsè ìkéde tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún yín, tí lẹ́tà wọn kò sì ní òǹtẹ̀. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá mọ́ ni kí ẹ sún un sí `p=quarantine`, lẹ́yìn náà sí `p=reject`.

PTR kì í wà nínú DNS tiyín; ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ni àdírẹ́sì IP ni ẹ ó ti ṣe é. Bí ẹnìkan bá béèrè pé ta ni 203.0.113.25, kí èsì jẹ́ `mail.example.org`; bí ó bá sì béèrè pé níbo ni `mail.example.org` wà, kí èsì padà sí àdírẹ́sì kan náà. Kí orúkọ tí Postfix fi ń kí àlejò pẹ̀lú jẹ́ ọ̀kan náà.

Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti sọ nǹkan wọ̀nyí di dandan. Google sọ pé ẹni tó bá ń rán lẹ́tà 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ sí àwọn onímeèlì Gmail gbọ́dọ̀ ní SPF, DKIM àti DMARC pọ̀, kí lẹ́tà ìkéde rẹ̀ ní ọ̀nà tí ènìyàn lè fi yọ ara rẹ̀ kúrò pẹ̀lú títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan, kí ìwọ̀n àwọn tó ń pè é ní spam má sì dé 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ lè rò pé ẹgbẹ́ yín kò dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìkéde mẹ́wàá bá jáde lọ́jọ́ kan sí ènìyàn 500 tí gbogbo wọn ń lo Gmail, ẹ ti dé 5,000. Ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́, ẹ rán lẹ́tà sí àdírẹ́sì kan tí ẹ ní lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá, ẹ ṣí i, ẹ sì ní kí ó fi ojúlówó rẹ̀ hàn yín. Ẹ wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `Authentication-Results`. Ohun tí ẹ ń wá níbẹ̀ ni `spf=pass`, `dkim=pass` àti `dmarc=pass`. Bí `dkim=fail` bá wà níbẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé irinṣẹ́ kan yí lẹ́tà náà padà lẹ́yìn tí òǹtẹ̀ ti wọlé, bíi kí ó fi ọ̀rọ̀ kún ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Àdírẹ́sì tuntun dà bí àlejò tuntun. Ẹ má fi lẹ́tà 500 bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn ogún máa lò ó, kí wọ́n sì máa gba èsì, kí ẹ tó fi àwọn yòókù kún un díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ti gbìyànjú tó tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan ṣì ń sọ lẹ́tà yín sínú spam, ẹ lè máa gba lẹ́tà wọlé fúnra yín, kí ẹ sanwó fún ilé-iṣẹ́ kan láti máa bá yín rán èyí tó ń jáde. Àwọn kan yóò sọ pé ìyẹn kì í ṣe dídá dúró lẹ́sẹ̀ ara ẹni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀: àpótí àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ gbé Unbound tàbí irú rẹ̀ sórí sáfà náà kí ó máa wá DNS fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ń gba ọ̀dọ̀ sáfà DNS ti gbangba tí gbogbo ayé ń lò wá a, Spamhaus kò ní dáhùn ìbéèrè yín bó ṣe yẹ, ẹ ó sì máa rò pé àyẹ̀wò spam ń ṣiṣẹ́ nígbà tí kò ṣiṣẹ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo jí bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà nínú ìlà Postfix. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ti tẹ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sí ojúewé ẹ̀tàn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àwọn olè sì ti fi orúkọ rẹ̀ ń rán lẹ́tà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni `postsuper -d ALL`, tó ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹnì kejì mi dá mi dúró, nítorí lẹ́tà òtítọ́ wà láàárín wọn. `postsuper -h ALL` ni a tẹ̀, tó ń dì wọ́n mú láìpa wọ́n. A ti àkáǹtì náà, a fi `postqueue -p` wo orúkọ olùfiránṣẹ́, a pa tirẹ̀ nìkan, a sì fi `postsuper -H ALL` tú àwọn yòókù sílẹ̀. Ìdajì ọjọ́ ni èyí gbà wá; mímú àdírẹ́sì wa kúrò nínú àkójọ àwọn ẹni burúkú gbà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Láti ìgbà náà, kò sí sáfà tí mo gbé kalẹ̀ tí kò ní òdiwọ̀n iye lẹ́tà tí ẹnì kan lè rán ní wákàtí kan. Lẹ́tà 100 tó fún ẹni tí kì í ṣe akọ̀wé.

Ibi tí méjèèjì ti pàdé

Ìwọ̀n lẹ́tà ni ibi tí ìpínfáìlì ti ń ran ímeèlì lọ́wọ́. Fáìlì tí a bá so mọ́ lẹ́tà máa ń wú ní nǹkan bí ìdámẹ́ta, nítorí bí a ṣe ń yí i padà sí lẹ́tà àti nọ́ńbà kí ó lè rìn. Postfix kì í gba lẹ́tà tó ju báìtì 10,240,000 lọ bí ẹ kò bá yí i padà, nítorí náà fáìlì MB 8 pàápàá lè kọ̀ láti lọ. Àwọn ènìyàn yóò ní kí ẹ gbé òdiwọ̀n náà sókè. Ẹ gbé e dé MB 25, kí ẹ má kọjá ibẹ̀. Bí akọ̀wé bá so ìwé MB 15 mọ́ ìkéde fún ènìyàn 500, GB 7.5 ti lọ lórí dísíìkì nítorí ìwé kan, kí a tó ka ohun tó fi wú. Kí ó fi ìwé náà sínú fódà ẹgbẹ́, kó sì fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́.

Ẹ̀dà ìpamọ́ àti ìṣọ́

Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ibi ìkópamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà ní ibòmíràn pátápátá. Restic àti BorgBackup dára, méjèèjì sì ń ti ẹ̀dà náà pa kí ẹni tó ń gbé e sílé má lè kà á. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé, níbi tí iná tó bá jó sáfà kò ní dé. Fún Nextcloud, fódà fáìlì, àkójọ ìsọfúnni àti fáìlì ètò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àkókò kan náà. Ẹ fi `occ maintenance:mode --on` dá a dúró díẹ̀, ẹ dà á kọ, ẹ tún ṣí i. Lóṣooṣù, kí ẹnì kejì, kì í ṣe ẹni tó gbé ètò náà kalẹ̀, mú fáìlì kan àti àpótí lẹ́tà kan padà láti inú ẹ̀dà sórí ẹ̀rọ òfìfo.

Ìwé ẹ̀rí TLS (èyí tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ láàárín ẹ̀rọ jẹ́ àṣírí) láti ọ̀dọ̀ Let's Encrypt, ọjọ́ 90 ló sábà ń lò. Ó lè tún ara rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n Dovecot lè máa fi ògbólógbòó hàn títí ẹ ó fi ní kí ó tún fáìlì náà kà, nítorí náà ẹ so àṣẹ náà mọ́ ètò ìsọdọ̀tun. Ẹ ní kí ẹ̀rọ kígbe nígbà tí dísíìkì bá dé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, kí igbe náà má sì gba ọ̀dọ̀ sáfà ímeèlì tí ó ń ṣọ́ jáde. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Mo ti bá a pàdé lẹ́ẹ̀mejì. Kí àdírẹ́sì `postmaster` àti `abuse` wà, kí ẹnìkan sì máa kà wọ́n, torí ibẹ̀ ni àwọn ará ìta yóò ti fi ẹ̀sùn yín sùn.

Ọjọ́ ìkólọ

Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ dín TTL ìlà MX, ìyẹn iye ìṣẹ́jú-àáyá tí àwọn ẹ̀rọ mìíràn fi ń rántí rẹ̀, kù sí 300, kí ìyípadà lè tàn kálẹ̀ kíákíá. Ẹ fi imapsync kó lẹ́tà àtijọ́ wá kí ẹ tó yí MX padà, ẹ yí i ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ sì tún lo imapsync lẹ́ẹ̀kan sí i láti kó èyí tó yà sí ibi àtijọ́ lójú ọ̀nà. Bí sáfà tuntun bá dákẹ́ fún wákàtí mélòó kan, ẹ má bẹ̀rù: sáfà tó ń rán lẹ́tà yóò máa padà wá gbìyànjú, ọjọ́ 5 sì ni Postfix máa ń gbìyànjú kí ó tó dá lẹ́tà padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ fi àkáǹtì àtijọ́ sílẹ̀ fún oṣù méjì, kí ẹnìkan máa wọ inú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti wo ibi tí lẹ́tà ṣì ti ń wá, bíi báńkì tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí ẹnikẹ́ni kò rántí. Ìgbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí lẹ́tà kan kò wọ ibẹ̀ mọ́ ni kí ẹ tó pa á.